Òdòdó Wo Lẹ Fẹ́ Rà fún Ìyàwó Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹ̀yin baálé ilé ló kàn jù, ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin ìyàwó pé kí ẹ má pa rédíò yín, torí ẹ̀yin náà lẹ máa dá ẹjọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Oṣù Kejì la wà yìí. Ọjọ́ kẹrìnlá rẹ̀ ni àyájọ́ àwọn olólùfẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Falentáìnì. Ajẹ́rìíkú onígbàgbọ́ kan nílùú Róòmù láyé àtijọ́ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọjọ́ náà. Ìjọ Àgùdà ti yọ ọ́ kúrò nínú kàlẹ́ńdà àjọ̀dún gbogbogbòò wọn ní ọdún 1969, àmọ́ àwọn oníṣòwò kò yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn. Bó bá ti ku ọ̀la, nǹkan pupa á gba ìgboro Ìbàdàn láti Bẹẹrẹ dé Ọjà Ìbà. Ẹ ó wá rí ọkùnrin kan tó ń ti Màpó sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní Pópó Yemọja, tó ra rósì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ̀rá dídán wé. Abẹ́ agbádá ló fi í pamọ́ sí bí ẹni jí i gbé, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ayò lẹ́nu ọ̀nà má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á wọ yàrá, á nà án sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó á yí òdòdó sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Wálé. Owó ọbẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ má dá obìnrin yẹn lẹ́bi. Ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i ní èdè tí kò gbọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí a bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ yé ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ohun tó mú àrokò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọge kan á sín owó ẹyọ mẹ́fà sókùn, á fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wu ọmọge, mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn. Ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Kò sí òdòdó níbẹ̀, kò sí káàdì, kò sì sẹ́ni tó ṣì í gbọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé Ọbabìnrin Fikitóríà náà fi òdòdó pa irú àrokò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ tẹ ìwé tó ń sọ ìtumọ̀ òdòdó kọ̀ọ̀kan: rósì pupa fún ìfẹ́, èyí tó pọ́n bí ìyeyè fún owú. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn ló lè ka òdòdó. Ìyàwó yín ní Pópó Yemọja, ìwé wo ló kà? Ẹ bi ara yín kí ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Ẹ tún gbọ́ nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àdúgbò wa yìí, tí ọkùnrin ti ń fi òdòdó pamọ́ sábẹ́ agbádá, orúkọ ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń kó òdòdó fún lọ́dọọdún ló ń jẹ́. Ojúbọ òrìṣà Yemọja wà níbí, a sì mọ ohun tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ nílé: ègbo, ẹ̀kọ, obì, àgbò. Òkè òkun ló ti ń gba òdòdó. Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni ọdún rẹ̀. Láti kùtùkùtù ni èèyàn ti ń tò sétí òkun ní Rio Vermelho, tọkùnrin tobìnrin, òdòdó lọ́wọ́ wọn, funfun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńláńlá pẹ̀lú lọ́fínńdà, ọṣẹ, ìyarun àti dígí, àwọn apẹja á fi ọkọ̀ gbé e lọ sójú agbami fún Iemanjá, bí wọ́n ṣe ń pe Yemọja lọ́hùn-ún. Àwọn apẹja yìí náà ló dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí ẹja wọ́n wọn lójú omi. Wọ́n gbà pé bí ẹ̀bùn bá rì, ìyá ti gbà á nìyẹn. Bí ìgbì bá gbé e padà sí èbúté, kò gbà á.

Ọ̀pọ̀ ọkọ tó ń gbọ́ mi ló ti rí ìgbì yẹn rí.

Ohun tó dára nínú agbọ̀n àwọn ará Bahia ni pé wọ́n kọ́kọ́ mọ ìyá náà kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa rà. Wọ́n mọ̀ pé funfun ni àwọ̀ rẹ̀, pé ó fẹ́ràn òórùn dídùn, pé obìnrin afínjú tó ń wo dígí ni. Nílé níbí náà, òṣíbàtà tó ń léfòó lórí omi, tí òdòdó funfun rẹ̀ ń là lálẹ́, wà lára ewé tí a mọ̀ mọ́ àwọn òrìṣà odò. Ìtàn sì sọ ohun tí Yemọja kò fẹ́. Ó fẹ́ Òkèrè ará Ṣakí, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ọmú òun ṣẹ̀sín. Ọjọ́ kan ni Òkèrè mu ẹmu yó tó sọ ọ́ lẹ́nu. Yemọja bẹ́ sóde, ó sá títí ó fi di odò Ògùn. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi tíì tí wọ́n ní ó ń dín ikùn kù ti òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Falentáìnì. Ìgbì gbé òdòdó padà, ó gbé tíì náà padà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí rósì, torí òun ló ń jẹ owó jù. Rósì tí wọ́n gé lórí igi, tí igi rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí orí rẹ̀ tóbi, ibi tó tutù ló ń fẹ́. Òkè ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, etí adágún Naivasha ni ọ̀pọ̀ oko rósì wà, ibẹ̀ sì ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,880 mítà. Oòrùn ń ràn níbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí méjìlá lójúmọ́ yípo ọdún, òtútù sì ń mú lálẹ́, rósì á wá rọra dàgbà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi bàálù gbé e lọ sí Netherlands, níbi tí ọjà òdòdó ńlá Aalsmeer wà. Lílọ sókè ni owó gbàǹjo tiwa máa ń lọ. Tiwọn, láti òkè ni aago ti ń sọ owó kalẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ló ni ọjà. Ní Nàìjíríà, Jọs ló sún mọ́ irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Ìbàdàn ńkọ́? A ò ga tó bẹ́ẹ̀. Alẹ́ wa gbóná, ọ̀sán oṣù Kejì sì ń ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Rósì ń hù níbí, àmọ́ igi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn, bó bá sì tanná lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kì í pẹ́ rẹ̀ dànù. Nítorí náà, rósì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ẹ rí lọ́wọ́ òǹtajà ti rìnrìn àjò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Owó ọkọ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń san.

Ẹni tó bá tún fẹ́ rà á, kó mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ẹ fi ìka méjì tẹ ìsàlẹ̀ orí òdòdó náà jẹ́jẹ́, níbi tó ti so mọ́ igi. Bó bá le gírígírí, tuntun ni. Bó bá rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù, ẹ dá a padà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ igi rẹ̀: bó bá ti dúdú tó ń yọ̀, ó ti pẹ́ nínú omi. Ẹ gbóòórùn omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí; omi òdòdó kò gbọ́dọ̀ rùn. Ẹ má tìtorí pé ewé òdòdó kan tàbí méjì níta rí ṣákaṣàka tó sì ní àwọ̀ tútù díẹ̀ kọ̀ ọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń bo ti inú, òǹtajà tó bá já gbogbo wọn kúrò ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Kí ẹ sì ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ là. Èyí tó ti là tán lójú ọjà, ọjà ló ti bá a ṣe Falentáìnì.

Bó bá délé, ìyàwó nìkan kọ́ ló ni iṣẹ́. Ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, torí ooru ń pa òdòdó nínú ọ̀rá. Ẹ fi abẹ tó mú gé ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ sì kì í bọ omi lójú ẹsẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dí ihò tó fi ń fa omi. Gbogbo ewé tó bá máa wọ inú omi, ẹ já a kúrò. Bí wọ́n bá jẹrà, kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ló ń dí ihò yẹn pa. Ṣúgà ṣíbí kékeré kan nínú omi á fún un lóúnjẹ, ẹ̀kán Hypo méjì kò ní jẹ́ kí omi náà bàjẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, ẹ má gbé e sí iwájú fáànù, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó ń pọ́n, torí èso tó ń pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú òdòdó darúgbó lọ́jọ́ àìpẹ́. Ní ilé àtijọ́ wa, ìdí àmù ló tutù jù. Ẹ gbé e síbẹ̀ mọ́jú.

Mo ti sọ gbogbo ìyẹn, àmọ́ bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, n ò ní ra rósì gígé ní Ìbàdàn nínú oṣù Kejì. Òdòdó tó ní gbòǹgbò ni màá rà.

Àwọn tó ń gbin òdòdó sínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì, ẹ̀yin náà ń kọjá lára wọn. Lọ́dọ̀ wọn lẹ ó ti rí ísọ́rà. Òdòdó kéékèèké ló máa ń ṣù pọ̀ bí ìkúùkù ọmọdé, pupa, tàbí àwọ̀ osàn, tàbí yẹ́lò. Ìṣù kan á wà lórí igi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó rẹ̀ dànù, òmíràn á sì ti máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn oòrùn, ó fẹ́ omi, ooru wa kò sì bà á lẹ́rù torí apá Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá. Ọ̀pọ̀ agboolé láti Pópó Yemọja dé Bẹ̀yẹ́rúnká kò ní àyè fún ọgbà, ilé fẹ̀yìn tilé ni, àmọ́ ike ọ̀dà tó ti ṣófo kò ṣòroó rí. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ dáadáa, ẹ gbin ísọ́rà sí i, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó. Tí ẹ bá tún fẹ́ mú kí ó lẹ́wà, ẹ fi àdìrẹ yí ike náà po. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ò tún ní ra òmíràn.

Bougainvillea náà wà, èyí tó máa ń gun ògiri. Ẹ fẹ̀sọ̀ wò ó: ohun pupa tàbí àwọ̀ àlùkò tí ẹ rò pé òdòdó ni, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni nǹkan funfun tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà láàárín. Ó ní ẹ̀gún, nítorí náà kò yẹ níbi tí ọmọdé ti ń sáré kọjá. Híbískọ́ọ̀sì lẹ́wà lórí igi, àmọ́ ẹ má gé e fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ kan péré ni òdòdó rẹ̀ ń lò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ní owó lórí. Tannáposó ni. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ́ mi mọ̀ ọ́n lẹ́bàá ògiri ilé bàbá wọn. Gbogbo ọ̀sán ló fi ń sùn. Nígbà tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lásìkò tí àwọn obìnrin ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Ọjà Ìbà, ni yóò là, á sì máa ta sánsán títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Lórí igi kan ṣoṣo lẹ lè rí òdòdó pupa, òdòdó yẹ́lò, àti èyí tí àwọ̀ méjèèjì jọ fọ́n ká sára rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ta ọ̀dà sí i. Kóro rẹ̀ dúdú róbótó, ẹ bẹ aládùúgbò yín lọ́wọ́ kan, ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọmọ kéékèèké fi kóro rẹ̀ sẹ́nu, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó ti jókòó lórí àga ọjà láti àárọ̀, tó délé tó bá òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là dè é, mo rò pé ó lè ka lẹ́tà yẹn. Ní gúúsù Íńdíà, àwọn ọkọ máa ń ra jásímínì tí wọ́n sín sókùn bọ̀ wálé lálẹ́ fún ìyàwó láti fi sí irun. Òórùn ìrọ̀lẹ́ náà ni wọ́n ń rà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sí i nípa bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó, kò dìgbà tó bá jáde ní Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní NIHORT, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Jẹ́ríkò láti ọdún 1975, igi òdòdó sì wà lára iṣẹ́ wọn.

Àwọn ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígboro Ìbàdàn, orí pósí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí òdòdó funfun tí wọ́n dì róbótó. Bí ìyàwó yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, funfun Yemọja kò ní wá sí i lọ́kàn, ilẹ̀ òkú ló máa rántí. Àwọn Faransé náà ní irú èèwọ̀ yẹn: òdòdó chrysanthemum ni wọ́n ń kó lọ sí itẹ́ òkú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọkọ kì í gbé e fún ìyàwó. Bákan náà, òdòdó oleander lẹ́wà, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti funfun, àmọ́ ewé rẹ̀, igi rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ ló ní májèlé. Agboolé tí ọmọdé àti ewúrẹ́ bá wà kò gbà á. Ní ti òdòdó oníke, mi ò kórìíra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, àmọ́ eruku ló máa gbà. Ìyàwó yín náà ni yóò máa fọ̀ ọ́, ẹ tún ti fún un ní iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ju ìyàwó kan lọ, ẹ̀yin ni mo káàánú jù. Irú òdòdó kan náà, ìwọ̀n ike kan náà, àwọ̀ kan náà, wákàtí kan náà. Ẹ má dán an wò láti fún ìyáálé ní pupa kí ẹ fún ìyàwó ní yẹ́lò, torí wọ́n á bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí i nìkan ni kó yàtọ̀. Bí ààfáà yín bá sì ní ọjọ́ kẹrìnlá kì í ṣe tiwa, Iléyá ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣègbéyàwó náà ń bọ̀. Òdòdó kò béèrè irú ọjọ́ tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ yẹn wá ni mo fẹ́ fi bẹ̀ yín. Ẹ má kọ èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí káàdì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá pépà pélébé, ẹ kọ oríkì rẹ̀ sí i lédè Yorùbá: Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́, èyíkéyìí tó bá jẹ́. Obìnrin tó ti ń jẹ́ Ìyá Wálé láti ọdún pípẹ́, bí ó bá rí oríkì rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀, ara rẹ̀ á rántí ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ oríkì náà mọ́, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an á ṣáájú òdòdó dé etí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá sì gbà lẹ́nu mi, tó ṣì fẹ́ rósì pupa ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kó lọ rà á láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá kí oòrùn tó le. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá, èyí tí àwọn yòókù ti tẹ̀ tí wọ́n sì dá padà ló máa kù lọ́wọ́ òǹtajà, owó rẹ̀ kò sì ní dín kù.